Ta Ló Tọ́ Dàbínù Wò?

Àtẹ dàbínù kì í kọjú sí ìlà oòrùn. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ní oṣù ààwẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni ọjà rẹ̀ máa ń yá, lẹ́yìn ìrun Àsáárì, nígbà tí ọ̀fun ti gbẹ tí ẹsẹ̀ ò sì fẹ́ rìn mọ́. Bí àtẹ bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ á bọ́ sórí rẹ̀, dàbínù á máa dán bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹni tó ń kọjá lọ á dúró, kò ní mọ ohun tó dá a dúró. Ìyá ọkọ mi á ní, "Ẹ fi ojú jẹ ẹ́ ná. Ojú kì í ba ààwẹ̀ jẹ́." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣa tiwọn.

Ìyá Aládàbínù ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n ní Ìkìrun. Òmìnira ò tíì dé nígbà tí mo ń wí yìí. Ìwọ tí ò ń bá mi kọ ọ́, ìyá rẹ ò tíì wáyé, ìyá tó bí ìyá rẹ pàápàá ò tíì wọ ilé wa. Èmi nìkan ni ìyàwó ilé. Ọmọ Inísà ni mí, wọ́n fi mí fún ọkọ ní Ìkìrun. Aránṣọ ni ọkọ mi, òun nìkan ni Ọlọ́run dá sí fún ìyá rẹ̀ nínú ọmọ mẹ́fà. Fi ìyẹn sọ́kàn, torí bí ọmọ ẹni bá ku ẹyọ kan, ojú tí èèyàn fi ń wo ìyàwó rẹ̀ máa ń yàtọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé dàbínù wá láti Òkè Ọya. Ọkùnrin Hausa kan ní Sábó ló ń bá wọn gbà á ní téṣàn, nínú àpò tí wọ́n fi imọ̀ hun, eruku Kánò á ṣì wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti fi aṣọ tútù nù ún ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí n fi òróró ẹ̀pà díẹ̀ pa á lára. Bí òróró bá pọ̀, eṣinṣin á bò ó. Bí ó bá kéré, kò ní dán. Lẹ́yìn náà a ó tò ó yí ká nínú àwo tánganran funfun, ọ̀kan lórí èkejì, títí á fi ga bí òkìtì ọ̀gán.

Ṣùgbọ́n odindi dàbínù kọ́ ló sọ wọ́n di Ìyá Aládàbínù. Hausa náà ń ta odindi. Dàbínù gígún ni tiwọn. Wọ́n á yọ kóró rẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á gún un pẹ̀lú ẹ̀pà yíyan àti atalẹ̀ gbígbẹ, wọ́n á wá ta oyin sí i. A ó pọ́n ọn ní róbótó róbótó, a ó sá a sórí ẹní tuntun nínú oòrùn títí ara rẹ̀ á fi gbẹ, inú rẹ̀ á sì wà ní rírọ̀. A ò jẹ́ kó sùn mọ́jú rí, torí ó máa ń tètè kan, eèrà ò sì ní jẹ́ kó sinmi. Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, bí a bá ti jẹ sààrì tán tí ilẹ̀ mọ́, ni a ń gún un. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn èèyàn á fi ṣínu.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Èèyàn ò lè mọ̀ bóyá ó dùn láìtọ́ ọ wò, ẹni tó wà nínú ààwẹ̀ ò sì lè tọ́ nǹkan wò. Ààfáà kan ti sọ fún wọn rí pé obìnrin lè fi ahọ́n kàn án kó tutọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ààfáà, ẹ ṣeun. Ahọ́n tó bá ti mọ adùn, ta ló máa bá a gbà á lọ́wọ́ ọ̀fun?" Ní ilé tí ọmọdé wà, ọmọdé ni wọ́n á fún tọ́ wò. Ilé tiwa ò ní ọmọdé. Mo bi wọ́n nígbà kan bóyá ká pe ọmọ ilé kejì. Wọ́n wò mí lójú. "Ọmọ ọlọ́mọ? Ohun gbogbo ló máa sọ pé ó dùn, kí a lè fún un sí i. Ọmọ ẹni ló ń sọ fún ni pé ó korò."

Ẹni tó kù tí kì í gba ààwẹ̀ nínú ilé ni obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù. Òun á jẹ, á mu, á sì san ọjọ́ rẹ̀ padà lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Nígbà tí Ìyá fúnra wọn ṣì ń rí nǹkan oṣù, àwọn ló ń tọ́ ọ wò. Nígbà tó dá lára wọn, wọn ò gún dàbínù mọ́ fún ọdún mélòó kan. Èmi ni mo wọlé tí odó tún dún. Inú wọn dùn, inú àwọn oníbàárà náà dùn. Ní gbogbo oṣù ààwẹ̀, odindi dàbínù nìkan ló máa wà lórí àtẹ wa, àfi ọjọ́ bíi márùn-ún péré tí ara mi ò mọ́. Nígbà náà ni gígún á yọ, a ó gbé e lọ sí ọjà Ìkìrun, ti Inísà, ti Òkukù. Bí àwọn obìnrin bá ti rí i, wọ́n á ní, "Háà, ó ti dé! Ìyá, ta ló tọ́ ọ wò?"

"Ìyàwó wa ni."

Bí wọ́n ṣe ń bèèrè nìyẹn, torí kí ọkàn wọn lè balẹ̀ lórí ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Ṣùgbọ́n bí Ìyá bá ti dáhùn, ojú wọn á kúrò lára àtẹ, á bọ́ sí inú mi. Ẹni tó bá tọ́ dàbínù wò lónìí ò lóyún lónìí. Kò sí ẹni tó máa sọ ọ́. Wọ́n á kàn ra tiwọn, wọ́n á gbàdúrà fún mi, "Ọlọ́run á ṣe é," wọ́n á lọ. Ọdún kìíní, mo dáhùn àmín tọkàntọkàn. Ọdún kejì, ètè mi ló ń dáhùn.

Nígbà tí ààwẹ̀ kẹta ń bọ̀, Ìyá pè mí sínú yàrá wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Ìyàwó, n ò ní fi pa mọ́ fún ẹ. Àwọn bàbá ọkọ ẹ ti rí ọmọbìnrin kan ní Ìbà. Láti èṣí ni wọ́n ti ń yọ mí lẹ́nu, èmi ni mò ń dá wọn dúró. Bí oṣù ààwẹ̀ yìí bá tún kọjá lọ́wọ́ òfo, ẹnu mi ò ní gbà á mọ́."

Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Ààwẹ̀ ọdún náà bọ́ sí àárín ẹ̀ẹ̀rùn. Mo gba ọ̀kan, mo gba mẹ́wàá, mo gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ tí mò ń retí kọjá, n ò rí nǹkan kan. Mo ń kà á lórí ìka lábẹ́ ìborùn mi. Mi ò mọ̀ pé ẹlòmíràn náà ń kà á. Ní sààrì, Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹran tó tóbi sínú àwo mi. Wọ́n gba ìkòkò omi lórí mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n lọ jókòó. Ní ọjà Ìkìrun, obìnrin kan wá síbi àtẹ, ó wo odindi dàbínù títí, ó ní, "Ìyá, oṣù ti ń lọ o. Gígún dà?"

Ìyá ń tún ìborùn wọn wé. Wọ́n ń fi ẹ̀rín pa ètè. Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé àyà. "Àlùhámúdù lílàhí," ó ní. Ìbòsí ló kù kó ké.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún, tí ọjà Inísà pé, mo dìde lọ ṣe àlùwàlá lẹ́yìn sààrì. Ó ti dé.

Mo dúró sínú balùwẹ̀ títí omi inú kẹ́tùrù fi tutù. Mi ò sunkún. Ohun tí mo rò ò ju pé ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí oṣù lé. Bí mo bá lè dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, oṣù ààwẹ̀ á kọjá, wọ́n á sọ pé kò kọjá lọ́wọ́ òfo, àwọn bàbá ọkọ mi á jókòó jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Mi ò débẹ̀. Ẹni tí ilé ń jó, ìlẹ̀kùn ló ń wá.

Mo di ara mi dáadáa, mo ró ìró méjì, mo kírun lẹ́yìn Ìyá bí ẹni tí ara rẹ̀ mọ́. Ìyẹn náà wà lọ́rùn mi.

Nígbà tí mo jáde, odó ti wà ní àgbàlá. Ìyá ti rẹ dàbínù sílẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ṣé a fẹ́ gún un ni?"

"A fẹ́ gún un. Àwọn ará Inísà ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀pà wà nílẹ̀, oyin wà nílẹ̀." Wọ́n wò mí, ojú wọn rọ̀. "Àfi bí ẹni tó máa tọ́ ọ wò bá wà."

Mo mọ̀ pé ìbéèrè ni. Mo ní, "Mò ń gba ààwẹ̀, Ìyá."

"Ọlọ́run ṣeun!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí wọ́n ń pa ẹ̀fọn. "Nígbà náà, imú mi máa tọ́ ọ wò. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe é, imú mi ò ní ṣì mí lónìí. Gbé ọmọ odó wá. Rárá, jókòó, èmi ni mo máa gún un."

Wọ́n gún un, wọ́n ń kọrin sábẹ́ eyín. Ẹ̀pà náà, lọ́wọ́ obìnrin ará Igbaye kan la ti rà á, ó ti wà ní ilé rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, òjò ti kàn án níbì kan. Bí a ṣe yan án, òórùn rẹ̀ ta sánsán. Atalẹ̀ tún bò ó. Ìyá gbé ọwọ́ sí imú, wọ́n ní, "Ó dára." Èmi jókòó lórí àpótí, mo ń pọ́n ọn ní róbótó. Ó lẹ̀ mọ́ ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹni kan ṣoṣo ní ilé náà tí Ọlọ́run ò sọ pé kó má jẹ nǹkan ní àárọ̀ yẹn, èmi ni. Mo wẹ ọwọ́ mi nínú omi, n ò fi kan ẹnu.

Lọ́rì gbé wa dé Inísà kí wọ́n tó pe ìrun Àsáárì. A gbé àtẹ kalẹ̀ níbi tí a ti máa ń gbé e sí, a kọjú rẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn. Àwo odindi wà ní àárín, a to gígún yí i ká lórí ewé gbòdògì, ìlà mẹ́ta. Mi ò rí àtẹ tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn èèyàn rọ́ dé.

"Ìyá Aládàbínù! Ẹ̀yin lẹ fẹ́ pa wá. A ti ń wò yín lójú ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù."

"Ẹ̀mí yín á gùn. Ẹ fi ojú jẹ ẹ́ ná."

"Ojú ti yó o, Ìyá. Ọ̀fun ló kù."

Ìyá tó bí mi wá. Ilé wa ò jìnnà sí ọjà. Wọ́n kí ìyá ọkọ mi tán, wọ́n ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó wà nílé ọkọ. Ojú wọn bọ́ sí ìlà gígún mẹ́ta yẹn. Mo rí i bí èjìká wọn ṣe sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá Aládàbínù rí i náà. Wọ́n fa ìyá mi lápá, wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ayọ̀ ò mọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àna mi, ẹ má wo ti dàbínù. Òun kọ́ ló tọ́ ọ wò. Kò sẹ́ni tó tọ́ ọ wò. Ọjọ́ kọkànlélógún rèé, ìyàwó wa ò tíì jẹ ẹyọ ààwẹ̀ kan."

Ìyá mi fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n wò mí. Omi lé sí ojú wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń fi àtàǹpàkò pa ẹ̀yìn ọwọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tí ibà bá mú mi ní kékeré. Àwọn obìnrin tó wà nítòsí ti gbọ́. Ọ̀kan ní, "Ìyàwó, bó bá jẹ́ obìnrin, ẹ pè é ní Dàbínù o!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn, ṣe ló dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń fi ẹnu mi rín in.

Ìyàwó tíṣà kan wà nínú àwọn oníbàárà, àwọn Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, ilé ìwé ìjọ wọn ni ọkọ rẹ̀ ti ń kọ́ni. Ọmọlúàbí ni. Bó bá ra nǹkan jíjẹ ní oṣù ààwẹ̀, á kọ ẹ̀yìn sí wa kó tó jẹ ẹ́. Ó ra mẹ́rin, ó yí padà, ó gé ọ̀kan jẹ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo dúró sí, mo rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó dúró. Kò jẹ ẹ́ mọ́, kò sì tu ú. Ó gbé e mì bí ẹni ń gbé oògùn mì. Ó yí ojú padà sí mi, ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó wo ìyá mi tó di ọwọ́ mi mú, ó wo Ìyá Aládàbínù tó ń yọ̀. Ó fi ewé di mẹ́ta tó kù, ó ní, "Ẹ kú ọjà o," ó sì ń lọ.

Mo mọ̀. Lójú ẹsẹ̀ yẹn ni mo mọ̀. Oòrùn ò tíì wọ̀, àkókò tó kù tó èyí tí èèyàn lè fi rìn dé òpin ìlú kó sì padà. Ohun tó yẹ kí n ṣe ò ju pé kí n mú ẹyọ kan lórí àtẹ, kí n fi sẹ́nu, kí n pariwo pé, "Ẹ má tà á mọ́, ó korò!" Ti ahọ́n mi ni iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi kan ẹnu, gbogbo ọjà á mọ ohun tó ń bẹ lára mi. Ìyá mi á sọ ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo dúró. Àwọn èèyàn ń rà á, èmi ni mò ń fi ewé di í fún wọn. Mo di í fún aboyún. Mo di í fún bàbá arúgbó tó jẹ́ ládàánì mọ́ṣáláṣí ọjà, ó ní, "Ìyàwó, Ọlọ́run á sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀." Mo dáhùn àmín.

Nígbà tí ládàánì pe ìrun, gbogbo ọjà dákẹ́. O mọ bí ó ṣe máa ń rí? Ìró ewé tí wọ́n ń tú nìkan lò ń gbọ́. Bísímílà, bísímílà, káàkiri. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan húkọ́. Ẹlòmíràn tutọ́.

"Kí lèyí?"

"Ó korò! Ẹ̀yin náà, tiyín ńkọ́?"

"Ewúro lẹ fi gún un ni, Ìyá? A fi ebi pa ara wa láti òwúrọ̀, ewúro la fi ṣínu?"

Obìnrin kan tó ń ta iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ju tirẹ̀ sórí àtẹ wa, ó bọ́ sí àárín odindi, òkìtì náà wó. Ó ní, "Ìyá arúgbó, tí ojú bá ti ṣú, ẹ jókòó sílé!" Àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó burú ju èébú lọ. Bàbá ládàánì dé láti mọ́ṣáláṣí, tirẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gé díẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Kò bínú. Ó nà án sí Ìyá, ó ní, "Ẹ gbà, ẹ tọ́ ọ wò."

Ìyá gbà á, wọ́n fi sẹ́nu. Wọ́n jẹ ẹ́ títí ó fi tán. Wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́yìn àtẹ, àgbàlagbà obìnrin, wọ́n fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ fún gbogbo ọjà.

"Ẹ má bínú. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ̀pà ló tàn mí. Kò sẹ́ni tó tọ́ ọ wò, ẹ sì ti gbọ́ ìdí rẹ̀. Ayọ̀ ló bo ojú mi. Ẹ bá mi fi ti ọmọ inú ìyàwó wa dárí jì mí."

Wọ́n fi ọmọ tí kò sí tọrọ àforíjì. Àwọn èèyàn dárí jì wọ́n, torí kí ni èèyàn tún máa sọ? Wọ́n dá owó padà fún gbogbo wọn. Nínú lọ́rì tó gbé wa padà sí Ìkìrun, ẹ̀yìn ọwọ́ mi tí ìyá mi fọwọ́ pa ṣì ń gbóná, bóyá èmi ni mo rò bẹ́ẹ̀. Ìyá di igbá mú lórí ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Mi ò ní gún un mọ́. Odindi tó." Wọ́n tún ní, "Má jẹ́ kó dùn ẹ́. Inú dídùn ni kó o máa wà, torí ẹni tó wà níbẹ̀."

Bí wọ́n bá nà mí, ì bá sàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn sààrì, wọn ò jáde sí àgbàlá. Ilẹ̀ mọ́. Mo lọ sí ilé kejì, mo tọrọ ẹ̀pà tuntun, mo yan án, mo rẹ dàbínù, mo gbé odó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Mo mọ̀ pé wọ́n máa gbọ́.

Wọ́n yọ sí ẹnu ọ̀nà, ìborùn ò tíì dúró lórí wọn. "Ìyàwó, kí lò ń ṣe? Mo ní a ò gún un mọ́. Ta ló máa tọ́ ọ wò?"

Mo gbé ọmọ odó sílẹ̀. Mo ti ìka bọ inú odó, mo mú un, mo fi sẹ́nu. Oòrùn ti yọ sí ojú mi. Mo jẹ ẹ́, mo gbé e mì, kí wọ́n lè rí ọ̀fun mi.

Adìyẹ kan kọjá láàárín wa. Wọ́n fi ọwọ́ wá ògiri, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Láti ìgbà wo?"

"Àná. Kí a tó gbé odó."

"Kí a tó gbé odó." Wọ́n tún un sọ bí ẹni ń kọ́ ọ. "O sì jókòó tì mí, ò ń pọ́n ọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Nígbà tí mò ń sọ fún ìyá ẹ ńkọ́? O wà níbẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, torí ìkúnlẹ̀ ò tó mi. Àyà mi kan ilẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ń mí. Mo rò pé wọ́n máa pe ọkọ mi, mo ti ń ro ibi tí mo kó aṣọ mi sí.

Wọ́n ní, "Ṣé ó dùn?"

Mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Mo gbé orí sókè.

"Èyí tó o jẹ yẹn. Mo ní, ṣé ó dùn?"

"Ó dùn, Ìyá. Ó ku atalẹ̀ díẹ̀."

Wọ́n dìde, wọ́n wọlé lọ mú atalẹ̀ wá. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà, a sì tà á tán ní ọjà Ìkìrun.

Nígbà tí ọjà Inísà tún pé, ó ku díẹ̀ kí ara mi mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n dúró sílé, tàbí ká gba Òkukù lọ dípò. Wọ́n ń to igbá, wọn ò wò mí. "Irọ́ tí a pa lójú ọjà, wọn kì í tún un ṣe nínú ilé. Tọ́ ọ wò kí a máa lọ."

A gbé àtẹ kalẹ̀, a kọjú rẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń wò ó láti òkèèrè. Oníyọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyá Aládàbínù, ṣé ti òní náà máa pa wá ni? Ta ló tọ́ ọ wò?"

Mo mọ̀ pé wọ́n lè sọ pé ọmọdé kan ni. Wọ́n lè sọ ohunkóhun.

"Ìyàwó wa ni," Ìyá ní. Ohùn wọn ò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀.

Ojú gbogbo wọn bọ́ sí inú mi bí ti àtijọ́. Nígbà náà ni mo rí ìyá tó bí mi, wọ́n ti dúró sẹ́yìn oníyọ̀ tipẹ́. Àwọn ìyàwó ilé wa méjì ló tẹ̀ lé wọn, àwọn tí wọ́n ti sọ ti oyún náà fún. Ìyá mi ti ní kí wọ́n wá kí mi.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí padà, wọ́n lọ. Mi ò dá wọn lẹ́bi.

Ọmọbìnrin Ìbà náà wọ ilé wa lẹ́yìn Iléyá. Ìyẹn ni ìyá tó bí ìyá rẹ, o mọ bí àwa méjèèjì ṣe gbé pọ̀. Ìyá rẹ ni ọmọ àkọ́kọ́ tó ti ìka bọ odó yẹn ní oṣù ààwẹ̀, mi ò sì ní láti tọ́ nǹkan wò mọ́. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ kó o kọ parí.

Kò sẹ́ni tó rà á títí ládàánì fi fẹ́ pe ìrun. Ìyá ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin, wọn ò sọ pé ká máa lọ. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀, dàbínù ń dán lásán. Mo rí ìyá mi tí wọ́n ń bọ̀, àwọn nìkan. Ojú wọn ti wú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ṣa mẹ́fà, wọ́n sanwó. Wọn ò kí mi. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n gbé e dání lójú gbogbo ọjà títí ìpè ìrun fi dún. Wọ́n ní bísímílà, wọ́n fi ọ̀kan sẹ́nu. Wọ́n jẹ ẹ́ pẹ́, oníyọ̀ ń wò wọ́n.

"Ó dùn," ìyá mi ní. "Ọmọ mi ló tọ́ ọ wò."